Ìkúnlẹ̀ Tíṣà Nùsírátù

Nùsírátù kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Tíṣà kíláàsì kẹta ni, láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin ló sì ti ń gun ọ̀kadà wá sí ilé-ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde láràárọ̀. Kíláàsì tí èmi ń kọ́ ló kángun sí tirẹ̀, nítorí náà gbogbo ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ni mò ń gbọ́. Ohùn rẹ̀ le, kì í sì í sábà rẹ́rìn-ín. Ká má purọ́, n kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó to nǹkan funfun sórí tábìlì, súwíìtì díẹ̀, hóró oògùn díẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ wá tọ́ka sí èyí tó jẹ́ súwíìtì. Wọ́n ṣì í. Èmi tí mo yọjú lójú fèrèsé, èmi náà ṣì í. Ó wá kọ́ wọn pé oògùn tí dókítà bá kọ fún ẹnì kan, ti ẹni yẹn nìkan ni, àti pé èyí tó ń wo àgbà sàn lè pa ọmọdé. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fún wọn ní oògùn oníoògùn, ìbáà ṣe ìyá àgbà wọn, kí wọ́n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe tèmi." Àwọn ọmọ sọ ọ́ di eré, wọ́n ń pariwo rẹ̀ kiri nígbà tí wọ́n bá ń mu gàrí lọ́sàn-án.

Nínú àwọn ọmọ náà, Fatihah ló gbà á gbọ́ jù. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ìyẹn màmá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àdínì nítorí ipò wọn ní mọ́ṣáláṣí. Màmá yìí ní agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn tó bá ti ṣẹ́kù nínú ilé, wọn á tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn á dà á síbẹ̀: ti ibà, ti orí fífọ́, ti àtọ̀gbẹ tiwọn. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná ládùúgbò, agolo yẹn ni wọ́n ń ṣí. Inúure ni wọ́n fi ń ṣe é, n kò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló ti lo nínú rẹ̀ rí.

Nígbà tí orí ń fọ́ Fatihah, màmá na hóró oògùn sí i. Ọmọ náà ní kì í ṣe tòun. Ojú àlejò ló sì ti sọ ọ́. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí àgbà bá nà sí ọmọ, ọmọ á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á sì dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àdínì wá sí ilé-ìwé tìbínú-tìbínú, wọ́n ní ta ni ọmọ àná yìí tó ń kọ́ ọmọ àwọn ní àfojúdi.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúyọmí, kò tilẹ̀ bi Nùsírátù léèrè ohun tó kọ́ wọn. Màmá ló gbẹ́ kànga ilé-ìwé fún wa, ọ̀gá kò sì fẹ́ kí wọ́n bínú sí òun. Ó ní kí Nùsírátù bẹ̀ wọ́n níwájú kíláàsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó múra láti lọ máa kọ́ni ní abúlé kan tó jìnnà réré. Opó ni Nùsírátù, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ohun tí àgbà bá fún ọmọ, kí ọmọ gbà á."

Fatihah jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń wò ó. Inú bí mi sí Olúyọmí lọ́jọ́ náà, inú sì ń bí mi sí i dòní.

Nígbà òjò, ibà mú Fatihah. Màmá ṣí agolo. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e mì. Oògùn àtọ̀gbẹ ni. Oorun gbé e lọ, wọ́n rò pé ara ló ń tù ú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, wọn kò sì rí i jí mọ́. Àwa kò tíì gbọ́ tí wọ́n fi sin ín.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àdínì tún wá. Wọn kò yà sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Kíláàsì kẹta ni wọ́n wọ̀ tààrà, àwọn ọmọ sì kúnlẹ̀ kí wọn. Àwa tíṣà yòókù sáré lọ síbẹ̀, a rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, níbi tí Fatihah máa ń jókòó sí. Ohùn wọn kò ròkè rárá.

"Tíṣà, èmi kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀. Kí ló dé tí ẹ kúnlẹ̀ fún mi?"

Àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń retí kí àgbà kan ní kí wọ́n dìde.