Píìnì Fàdákà Tí Mo Hú ní Accokeek

Ibi tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti gbin ewúro ni ṣọ́bìrì ti kan nǹkan líle. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo sá kúrò nílé ọkọ mi ní Seat Pleasant, nílùú òyìnbó, tí nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Largo, tí mo ń pè ní Màmá, gbà mí sílé wọn ní Accokeek, láàárín igbó. Àwọn nìkan ló mọ ibi tí mo wà.

Píìnì fàdákà róbótó ni, irú èyí tí wọ́n fi ń mú aṣọ pọ̀ láyà. Nítorí pé inú ilẹ̀ ló ti jáde, Màmá kọ́kọ́ da òróró àdúrà lé e lórí kí a tó nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí awalẹ̀pìtàn kan. Ọkùnrin náà ní ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù àtijọ́, pé ó ti gbó gan-an kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sọdá òkun. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí a ti rí i, bí ihò náà ṣe jìn tó, àti orúkọ ẹni tó hú u.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ orúkọ mi."

"Tèmi ni kó kọ. Ṣebí èmi ni mo nilẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe?"

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ń bu ìrẹsì nígbà tí Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Àmín ni gbogbo wọn ń ṣe!"

"Àmín kí ni, Màmá?"

"Ẹ̀rí ni mo jẹ́. Mo fi fọ́tò píìnì yẹn sórí Wasáàpù ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀ o, èmi kì í ṣe ọmọdé."

Mo gba fóònù. Lóòótọ́, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni píìnì náà wà, àpá áyọ́ọ̀nù tí ọkọ mi fi jó mi sì hàn gbangba lọ́rùn ọwọ́. Màmá ò mọ̀ pé àbúrò ọkọ mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù náà. Ó ti rí fọ́tò náà, ó ti fi àmì àdúrà sí i.

Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo gbé o."

Kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé, mo ti di báàgì méjì, mo ti wà níbi tí mi ò ní kọ síbí.

Màmá pè mí lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí awalẹ̀pìtàn náà wá. Ó ti wọn ihò ewúro mi, ó béèrè irú òróró tó wà lára fàdákà, ó sì kọ orúkọ Màmá sílẹ̀.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti wá béèrè mi?"



"Ọkọ̀ dúdú kan dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀. Má padà wá o, ọmọ mi."