Àkíbù Afẹ̀yìnwẹ̀ ti Ìsàlẹ̀ Òsì

Wọ́n ní Àkíbù bá àwọn ará inú omi mulẹ̀. Wọ́n ní àdéhùn tó bá wọn ṣe ni pé kò gbọdọ̀ wo ojú wọn láé, pé ìdí nìyẹn tó fi ń fi ẹ̀yìn wẹ̀, tí ojú àti ikùn rẹ̀ máa ń wà lókè bí ẹja tí ayé ti sú. Bí ẹ bá dé Ọjà'ba, ẹ ó rí ẹni tó máa búra fún yín pé ìṣojú òun ni wọ́n ṣe mulẹ̀. Irọ́ gbuu! Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tiwa àti tiwọn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ààwẹ̀ ló kọ́ Àkíbù ní ìwẹ̀.

Ọmọdé ni nígbà náà. Tí òùngbẹ ààwẹ̀ bá ti dé, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á sáré lọ sódò Kúdẹtì, wọ́n á mòòkùn, wọ́n á sì rọra gbé omi mì lábẹ́lẹ̀ níbi tí ojú ààfáà ò tó. Àkíbù ò lè ṣe irú ẹ̀. Ààfáà ti sọ pé omi tó bá ti kọjá ọ̀fun, ààwẹ̀ ti já. Ó ń jókòó sétí odò, ó ń wò wọ́n, títí ọgbọ́n fi sọ sí i. Ó sùn gbalaja sórí omi, ó pa ẹnu dé bí ìkòkò, ó ń fi apá wa ara rẹ̀ lọ. Omi ò kan ètè rẹ̀. Nígbà tí ọdún Ìtúnu fi máa dé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dojú bolẹ̀ wẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, mọ̀. Ìyá yìí ń ta ọṣẹ dúdú nísàlẹ̀ Mápó, ó sì ní òfin tiẹ̀ nípa omi.

"Alààyè ló ń dojú bolẹ̀ nínú omi," á wí. "Ẹni tó bá ti dojú sókè, ẹ lọ wá ọkọ́ wá."

Àkíbù dàgbà, olùkọ́ ìwẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Oyèdélé rí i, ó mú un lọ sí púùlù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ìwẹ̀ ààwẹ̀ rẹ̀ lórúkọ, bakisitiróòkù, àti pé èèyàn lè gba ife lórí ẹ̀. Àkíbù yára bí ìjì. Àbùkù kan ló ní: kì í lè lọ tààrà. Ní Kúdẹtì, igi ló máa ń wò. Ní púùlù, sánmà lásán ni. Á forí sọ okùn ọ̀tún nínú àwọn okùn tí wọ́n fi pín ojú omi, á tún lọ bẹ okùn òsì wò.

"Àkíbù," Oyèdélé á ní, "ṣé ò ń wẹ̀ ni, àbí ò ń kí àwọn aládùúgbò?"

Ní 1981, wọ́n fẹ́ yan afẹ̀yìnwẹ̀ kan ṣoṣo tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ níbi eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, tí kò tíì mọ̀ pé ẹ̀yìn ló fi ń wẹ̀, sọjú abẹ níkòó:

"Tí wọ́n bá mú ẹ, ó dáa. Tí wọn ò bá mú ẹ, ìwọ àti omi ti parí, àfi èyí tó o máa fi wẹra. Màmúdù àbúrò mi ń retí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù fìlà ní Bẹẹrẹ. Mo sì ń bọ̀ wá wò ó fúnra mi!"

Inú ààwẹ̀ ni ìdíje náà tún bọ́ sí. Lọ́jọ́ náà, àwọn adojúbolẹ̀ ló kọ́kọ́ wẹ̀. Àtọ́kẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó wá kan àwọn Àkíbù, àwọn mẹ́fà. Ibi tó kángun sí etí púùlù ni Àkíbù wà. Wọ́n fọn fèrè, gbogbo wọn dojú sókè.

"Yéè!" Àtọ́kẹ́ figbe ta. "Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà!"

Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá dákú nílẹ̀ wa, wọn kì í dákẹ́ lé e lórí. Wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ kó má baà jìnnà jù. Àtọ́kẹ́ já ìborùn aláwọ̀ òféèfèé rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń jù ú, ó sì ń sáré tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ létí omi.

"Àkíbù o! Àlàmú! Má lọ o! Mi ò ní kó o rán fìlà mọ́!"

Àkíbù rí i. Ó fẹ́ ní "Ìyá mi, mo wà láyé," ṣùgbọ́n omi ń ta pàrà lójú rẹ̀. Tó bá la ẹnu, ààwẹ̀ já. Apá nìkan ló ń jù.

"Ó ń juwọ́! Ó ń dágbére!"

Ni ìyá bá ká ìró sókè bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi. Obìnrin tí omi inú báàfù ń bà lẹ́rù! Kí ó tètè dé òpin kó lè lanu ló kù. Ó tẹjú mọ́ ìborùn yẹn, ó sì ń fi gbogbo agbára wẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé tààrà ni ìyá ń sá, tààrà ni ọmọ náà lọ, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Gbà! Ó forí sọ ògiri. Òun ló kọ́kọ́ dé.

"Ìyá mi, mo wà o!"

Àtọ́kẹ́ dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó gbá a létí. Àwọn márùn-ún tó kù ń yọrí sókè níkọ̀ọ̀kan.

"Lahilaha! Gbogbo wọn ń jí!"

Àwọn adájọ́ ní àwọn ò gbà, pé ìyá ràn án lọ́wọ́. Oyèdélé bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti rí olùrànlọ́wọ́ tó ń sunkún òkú ẹni tó ń ràn lọ́wọ́ rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n mú Àkíbù.

Níbi eré gbogbo Nàìjíríà náà, wọn ò jẹ́ kí ìyá dé etí omi. Ipò kẹrin ni Àkíbù ṣe: okùn ọ̀tún, okùn òsì. Ó wẹ̀ fún ìpínlẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ibi tí ààyè bá ti gba ìyá láti sáré ló ti ń gba wúrà. Nígbà tí orúnkún ìyá ò gbé eré mọ́, òun náà fi ìdíje sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù fìlà ní Bẹẹrẹ náà ló padà já sí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni.

Mo yà kí i níbẹ̀ ní 1994. Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń tògbé. Mo bi Àkíbù bóyá ó ṣì ń lọ sómi. Ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

"Mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé, ìyá mi, mò ń lọ kú díẹ̀, mò ń bọ̀."