Òróró Àdúrà Lára Ìkòkò

Kété lẹ́yìn òmìnira ni bàbá mi hú ìkòkò àtijọ́ kan jáde nínú oko kòkó wa ní Òdígbó. Ọ́fíìsì ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń bójú tó ohun àtijọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá mi ní kí n fọ́ ọ, kí a lè yẹ inú amọ̀ rẹ̀ wò. Mo fàáké kọ́rí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yá mi ní iná aláwọ̀ àlùkò kan, èyí tó máa ń fi ọ̀dà tó ti parẹ́ hàn láìha nǹkan, láìfọ́ nǹkan. Bí mi ò bá rí àmì kankan, wọn yóò fọ́ ọ.

Lọ́sàn-án gangan, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé yàrá ìyá mi, níbi tí ìkòkò náà wà, mo so iná mọ́ bátìrì ọkọ̀, mo sì tàn án. Gbogbo ara ìkòkò ń dán yanran. Mi ò rí ọ̀dà rárá.

"Ìyá mi, kí lẹ fi pa á lára?"

Aládùúrà pọ́ńbélé ni ìyá mi. Ó ní, "Òróró àdúrà ni. A ò mọ ẹni tó lò ó rí. Ṣé kí n máa wò ọ́ kí o kàn tẹjú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀?"

Inú bí mi. Amọ̀ ti mu òróró yẹn, kò ṣeé nù kúrò mọ́. Síbẹ̀, mo ń fi iná wá ipa ọwọ́ ẹni tó mọ ìkòkò náà kiri bíi wèrè. Lójijì, ipa ìka yọ kedere lọ́rùn rẹ̀. Mo pariwo ayọ̀.

Ìyá mi na ọwọ́, ó gbé ìka tirẹ̀ lé e. Ó bá a mu rẹ́gí: ìka tó fi pa òróró náà ni.