Ìlẹ̀kẹ̀ Bàbà Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀

Òórùn aró gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń pa aṣọ láró ní Agége, kí etí tó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ rárá. Omi tí a fi ṣan aṣọ máa ń ṣàn wọ gọ́tà ní pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn ará àdúgbò sì ti fẹjọ́ wa sùn ní Aláúsá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Bí omi náà kò bá mọ́, àwọn yóò ti yàrá aró pa.

Ọ̀gá wa, àgbà ọkùnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní àwọn mọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Wọ́n wá ìlẹ̀kẹ̀ ike kéékèèké bí ẹyin ẹja, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi oníbàbà títí bàbà fi dì mọ́ ọn lára, wọ́n sì rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì. Bí a bá po omi aró mọ́ háídírójìn pẹrọ́sáìdì, oògùn tí a fi ń fọ egbò, tí a jẹ́ kó gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ náà kọjá, bàbà á ru háídírójìn sókè, á sì jẹ àwọ̀ aró run bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin, àfi pé tirẹ̀ yá ju ti ìpẹtà lọ. Bàbà fúnra rẹ̀ kì í tán, ike ti dì í mú. A tún lè lò ó lọ́la. Oṣù mẹ́rin ni ọ̀gá fi ṣe é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí omi pupa tó wọlé lókè, tó jáde nísàlẹ̀ bí omi òjò, mo pariwo Halelúyà.

"Ìwọ ọmọ Aládùúrà yìí," ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, "omi yìí ò nílò àdúrà o, bàbà ló nílò."

"Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà díẹ̀ kún un ná, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ti ṣú, ojú mi ò gbà á. Ìyá mi ni wọ́n máa ń fọ agogo àti ọ̀pá àbẹ́là idẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán gbinrin. Mo fún ọsàn sínú abọ́, mo da ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Omi inú abọ́ yí padà sí àwọ̀ ojú ọ̀run tó fẹ́ jọ ti ewé. Ó lẹ́wà. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde, mo dà á nù, mo dá ìlẹ̀kẹ̀ padà sínú ọ̀pá.

Lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, omi pupa wọlé, omi pupa jáde. Ọ̀gá bu ìlẹ̀kẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ti funfun báláú. Ọ̀gá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?" Ohùn wọn ò le.

"Ọsàn wẹ́wẹ́, sà."

Wọ́n kọjú sí àwọn àlejò. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é tì."

Mo gba ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, mo dá a padà sínú ọ̀pá.

Ìjọba ti yàrá aró pa lọ́sẹ̀ náà, ọ̀gá sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń sọ pé n óò lọ bẹ̀ wọ́n, mo ń sún un síwájú, títí ọmọ wọn fi pè mí pé bàbá ti dolóògbé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ìwé tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti mọ̀ pé kíkan ọsàn ló já bàbà gbà lọ́wọ́ ike, àti pé ká ní mi ò da omi abọ́ yẹn nù ni, bàbà náà ì bá ṣeé dá padà. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo mọ̀wé láìlọ sí yunifásítì. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Àìmọ̀ ni mo fi fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo sì ti dárí ìyẹn ji ara mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàlagbà yẹn ń ru ẹ̀bi mi níwájú àlejò, mo mọ ohun tó tọ́ kí n sọ, mo sì dákẹ́.