Abẹ́rẹ́ Tó Wà Nínú Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi

Aránṣọ ni mí, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì ń lò di òní olónìí. Àwọn aránṣọ ìwòyí ti ra ẹ̀rọ oníná, bí iná bá sì ti lọ, wọn a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa wo ẹni tó ń kọjá. Èmi kì í dúró de iná ìjọba. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ lọ sí Ọjà'ba, ibẹ̀ ni mo sì ti ń tẹ ẹ̀rọ kan náà láti ọdún tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti dé láàárọ̀, n ó bọ́ bàtà sílẹ̀, torí pé bàtà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré tó.

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rí yóò mọ ohun tó máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀: òwú, àgékù aṣọ, bọ́tìnnì, àti abẹ́rẹ́ tó ti kán. Ẹni tó bá tẹ abẹ́rẹ́ níbẹ̀ á fò sókè, á ké pe ìyá rẹ̀. Láti bí ọdún méjì kan, mo ṣàkíyèsí pé èmi kì í fò mọ́. N ó tẹ abẹ́rẹ́ wọlé bí ẹni tẹ ewé ni. Ẹ má bínú sí mi, mo ń fi yangàn! Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹsẹ̀ tèmi ti di ọ̀gá, abẹ́rẹ́ ń bẹ̀rù rẹ̀. Lásìkò yẹn náà, òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá, omi inú ọ̀rá tí mo ń mu kí ó tó di Àílà kò kéré. Mo ní ooru ni.

Ọjà Òjé ni ìyàwó mi ti ń ta aṣọ òfì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ṣe ń gbé igbá aṣọ rẹ̀ jáde, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fọ́tò pásípọ́ọ̀tù yín méjì."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Ìwé kan ni mo fẹ́ bá yín gbà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún mi, ó tún bi mí léèrè ọjọ́ orí mi. Mùsùlùmí ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ ń gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kó rò? Mẹ́kà ni! Àkọ́bí wa ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ l'Ábújá. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní ó dájú, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń múra àtirán mi lọ sí Hájì, wọn ò fẹ́ kí n mọ̀ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún aago ṣe ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin yẹn ti gun orí òkè Màpó, ó ti lọgun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn alátẹ Ọjà'ba ti ń kí mi ní Alhaji. Mo ń dáhùn. Kódà mo gé aṣọ funfun, mo rán jalabíà fún ara mi, mo ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn, irú èyí tí n kì í ṣe fún ẹni tó bá ń san owó díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà dé, káàdì pélébé kan ni. Fọ́tò mi wà lára rẹ̀, orúkọ mi sì pé. Mo wá ibi tí wọ́n kọ Mẹ́kà sí, n kò rí i. Ìyàwó mi ní káàdì adójútòfò ìlera ni, pé òun ti san án fún èmi àti òun, òun sì ti yan ilé ìwòsàn tí a ó máa lọ, kí àìsàn ńlá má baà bá wa lójijì.

Orí mi gbóná. Mo ní, "O fẹ́ kí n dùbúlẹ̀ àìsàn, àbí? Àìsàn kì í ṣe àlejò tí èèyàn ń tẹ́ ẹní dè!"

Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, "Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

"Èmi ò fẹ́ ilẹ̀ tútù. Mẹ́kà ni mo fẹ́."

Ó wò mí, ó wo jalabíà tí mo fi kọ́ sára ògiri, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá. Mo ju káàdì náà sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, láàárín bọ́tìnnì àti òwú, mo sì bá a yodì fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará Ọjà'ba kò mọ̀. Wọ́n ṣì ń kí mi ní Alhaji, kò sì rọrùn láti dá wọn lẹ́kun.

Mo mọ ohun tó ń da ìyàwó mi láàmú, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ahunṣọ ní Ọ̀rányàn, ní egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ tí kò jinná. Gbogbo agboolé ló ní ó tẹ nǹkan, pé ọ̀tá ló da oògùn sílẹ̀ dè é. Èmi gan-an wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi àgúnmu àti ọṣẹ lé e kiri fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Wọ́n ta òfì, wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n gé e. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti máa ń wo ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi alátùn-ún-ṣe aago jókòó lórí pèpéle ní mọ́sálásí àdúgbò wa, a ń ṣe àlùwàlá. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì, mo ń da omi búútà sí i. Ọ̀rẹ́ mi dá ọwọ́ tirẹ̀ dúró.

"Alhaji, kí ló ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ yẹn?"

Mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ náà síta. Àbọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ni, ó ti wọlé tán, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ara tó yí i ká ti dúdú títí dé ìdí ọmọ ìka, èyí tó kéré jù. Ó ń rùn. Ẹsẹ̀ tí mo ń fọ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́! Omi ni mo ń dà sí i, n kì í wò ó. Ọ̀rẹ́ mi fi èékánná fa abẹ́rẹ́ náà yọ, omi ló jáde tẹ̀lé e, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. N kò mọ nǹkankan lára.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n fi dè ọ́ ni."

Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti rántí aránṣọ kan ní Bẹẹrẹ tó gba oníbàárà kan mọ́ mi lọ́wọ́. Wáàsí tí Lèmọ́mù ṣe lọ́jọ́ yẹn, n kò lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Àwọn ọ̀tá mi ni mò ń tò lẹ́sẹẹsẹ, mo sì rí i pé wọ́n pọ̀.

Bí mo ṣe délé ní Bẹyẹrúnká, mo pe ìyàwó mi wọ yàrá, mo fi ẹsẹ̀ hàn án, mo sì sọ fún un pé àwọn ayé ti dé. Ó kúnlẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó gbé ojú sókè, omijé ti kún un.

"Bàbá wọn. Aránṣọ tẹ abẹ́rẹ́, ẹ wá ń wá ọ̀tá kiri?"

Mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, ó dì í mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó rí bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Níbo ni káàdì yẹn wà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ takisí máíkírà lọ sí ilé ìwòsàn tó ti yàn. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún gún òmíràn bí ẹni pé ẹ̀rọ náà purọ́. Dókítà wa jẹ́ obìnrin, kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé àga. Ó ní, "Bàbá, ẹ di ojú yín. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ sọ fún mi."

Mo di ojú. Mo dúró. Mo tún dúró. Mo wá ní, "Ọmọ mi, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ìyàwó mi ni mo gbọ́ tó bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo la ojú. Dókítà ti ń fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó rin àtẹ́lẹsẹ̀ mi láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka.

N kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ṣàlàyé pé àtọ̀gbẹ ni, pé ó ti pẹ́ tí ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé òun ló ń mú mi mu omi, òun náà ló sì pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ mi. Ohun tí mo fi ń yangàn ni àìsàn náà. Ó ní bí jíjẹrà yìí bá wọ egungun ẹsẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ gígé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, èyí tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ. Mo wò ó níbi tí wọ́n gbé e lé, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Ó kọ ìwé lé wa lọ́wọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ní ká lọ mú owó wá ná. Akọ̀wé gba káàdì, ó wo fọ́tò mi, ó wo ojú mi, ó ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sókè. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì mi ti dé ṣáájú mi. Ẹsẹ̀ ló mú òun náà wá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jáde, wọ́n ń wọlé, fóònù létí, wọ́n ń bẹ ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn ò mọ̀. Mo bi akọ̀wé bóyá aláìsàn náà lè gba irú káàdì tèmi lọ́jọ́ náà. Ó ní ó lè gbà á, ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá gbà á. Mo yíjú sí ògiri. Ojú ń tì mí, torí pé bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló wà, bí mo ṣe máa wà nìyẹn.

N kò ní parọ́, káàdì náà kò san gbogbo nǹkan. Àwọn nǹkan kan wà tí a fi owó ara wa rà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ta ohunkóhun nílé wa, wọn ò sì fi ọjọ́ kan dá iṣẹ́ dúró lára mi. Wọ́n wẹ egbò náà, wọ́n sì yọ ọmọ ìka. Òun nìkan. Lọ́jọ́ tí dókítà ibẹ̀ sọ pé ẹsẹ̀ náà yóò dúró, mo sunkún bí ọmọdé, ìyàwó mi sì ń fi gèlè rẹ̀ nù mí lójú, ó ń ní, "Alhaji, ó tó."

Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ mi. Bàtà ni mo ń wọ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, bàtà aláwọ tó bo ìka. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń sáré jù mọ́, etí ni mo fi ń gbọ́ ọ. Mò ń lo oògùn, mò ń lọ yẹ ara wò, búrẹ́dì àti mínírà ti di ọ̀tá mi, àwọn ọ̀tá tòótọ́ nìyí. Mo wọ jalabíà funfun yẹn lọ kí Jímọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde. Lèmọ́mù ní kí n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun. N kò mọ̀ ọ́n sọ. Mo kàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ oníka mẹ́rin sókè, mo ní, "Bí ẹ bá ti ń fọ̀ ọ́, ẹ máa wò ó." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo bá àwọn àgbààgbà lórí pèpéle àlùwàlá, wọ́n ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara wọn wò, wọ́n sì ń bú ara wọn fún ìdọ̀tí ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi alátùn-ún-ṣe aago ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó bá ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀, ó sì ti gba káàdì tirẹ̀. N kò béèrè ẹni tó fi dè é.

Láràárọ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á wọ dígí rẹ̀. "Alhaji, ẹ gbé e wá." N ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e nítan. Á fi àtàǹpàkò tẹ ibi gbogbo, láti gìgísẹ̀ títí dé ibi tí ọmọ ìka wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ìmọ̀lára yẹn kò ní padà wá. Bí n kò bá wo ọwọ́ rẹ̀, n kò lè mọ̀ pé ó wà lára mi, ìdí nìyí tí mo fi máa ń wò ó.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

Mo máa ń ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Á sì tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.