Ìyeyè Oníyọ̀ Tí Mo Fi Omi Gbígbóná Fọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní Al Mamzar, àdúgbò kan ní Dubai, mo gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá kúrò níwèé bíi tèmi máa ń tètè gbó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàgbà fún yín díẹ̀.

Ọrọ̀ ajé Dubai ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú dé ni. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró, bàbá mi ń wá òmíì kiri títí dé Sharjah. Màmá mi lóyún, oúnjẹ kankan ò dúró nínú ẹ̀. Ó rù débi pé dọ́kítà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún ọmọ inú ẹ̀.

Ìyá àgbà ará Japan kan ń gbé ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa. Ó gbé ìgò kan wá, èso inú ẹ̀ pupa, ó hunjọ bí ìyeyè gbígbẹ. Ó ní iyọ̀ làwọn fi pa á mọ́ káwọn tó sá a sóòrùn. Kíkan ẹ̀ ló ń ṣí ọ̀fun, àmọ́ iyọ̀ ẹ̀ pọ̀, torí náà ẹyọ kan péré lórí ìrẹsì rírọ̀. Màmá jẹ abọ́ kan tán, kò bì. Bàbá mi ń wo ẹnu ẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n ṣèrànwọ́. Ṣebí omi gbígbóná la fi ń fọ ẹja oníyọ̀ nílé wa? Mo da gbogbo ìgò sínú bàsíà, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi dà bí àkísà, tí kíkan ẹ̀ bá omi lọ. Màmá fi ọ̀kan sẹ́nu, ó sáré lọ bì.

Mo gbé bàsíà lọ kanlẹ̀kùn ìyá yẹn. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ti bọ́, wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí Japan. Mo ń sunkún, mo ní mo ti fọ oúnjẹ màmá mi dànù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tú páálí kan tí wọ́n ti dì, ó yọ ìgò tó kù fún òun fúnra ẹ̀.

Ó ní, “Ibi tó pọ̀ sí ni mò ń lọ. Má fọ èyí o.”

Ẹyọ kan lójúmọ́, títí oúnjẹ fi ń wọlé. Àbúrò mi obìnrin dé láyọ̀; òun ló wá mọ̀wé nílé wa.

Lóde òní, èso yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ iye iyọ̀ ẹ̀ sára ìgò. Àwa mẹ́fà la jọ ń sùn ní yàrá kan ní Bur Dubai. Ẹnì kan ti ń wúkọ́ ní yàrá kejì láti ọjọ́ mẹ́ta. A kàn ń yí ohùn fóònù wa sókè ká má baà gbọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó tíì lọ béèrè bára ẹ̀ ṣe ń ṣe, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an ò tíì lọ.