Ibi Orúnkún Bàbá Lórí Pákó Ọ̀pẹ̀pẹ̀

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn táìsì. Láti ìgbà tí a ti mú wọn kúrò ní Ẹ̀pẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ní Itamaga, ni wọ́n ti ń sọ pé ilẹ̀ ilé wa tutù bíi ti mọ́ṣúárì. Ẹ gbọ́ o! Táìsì tí èmi fúnra mi yàn!

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Pákó ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló wà nílẹ̀ yàrá wọn l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Bàbá Bísíríyù, ọkọ wọn, tó jẹ́ káfíńtà, ló fọwọ́ ara wọn tẹ́ ẹ lọ́dún tí wọ́n fẹ́ Ìyá. Ìyá á ní igi náà le débi pé ìṣó á tẹ̀ bí èèyàn ò bá kọ́kọ́ lu ihò sí i, pé ikán kì í bá a ṣeré. Nígbà tó ṣì tuntun, ó pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Ọdún ń gorí ọdún, ó wá di àwọ̀ àkàrà.

Ibi tí Bàbá ti ń kírun, orúnkún wọn jẹ pákó náà wọnú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di kòtò kékeré méjì. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, inú kòtò yẹn ni Ìyá ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí fẹ́ wó ilé náà, Ìyá sunkún bẹ ọkọ mi: "Abdulhakeem, kí wọ́n wó ògiri. Ibi orúnkún bàbá rẹ ṣáá ni kó o bá mi gbé wá."

Ọkọ mi kó gbogbo pákó náà wá fún Fábíyìí, káfíńtà àdúgbò wa. "Ẹ bá mi tẹ́ ẹ sí yàrá Ìyá. Kó dán o!" Ó tán. Kò sọ nǹkan kan nípa kòtò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọkùnrin sú mi o! Káfíńtà wo ló máa rí kòtò lára pákó tí kò ní fá a? Fábíyìí ti gbogbo rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ ìfági.

Ọjọ́ tí a mú Ìyá wọ yàrá náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

"Níbo ló wà?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Mi ò rò ó." Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ìyá sunkún, èmi náà sunkún.

Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú, wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Bó ṣe pọ́n nìyí lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ," ni wọ́n wí. "Bàbá rẹ ṣì ń kan ìṣó lọ́wọ́. Ó ní kí n má tíì tẹ̀ ẹ́."

Àkókò ìrun Alásárì tó, mo gbé ẹní wá, wọ́n ní kí n gbé e padà. Mo rò pé iwájú ni wọ́n máa dúró. Rárá o. Wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ níwájú, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró nígbà tí Bàbá ń ṣáájú wọn kírun.